Igi kajú mẹ́ta, èèkàn kan: òbìrìkìtì tó kéré jù tó lè gba gbogbo wọn

ỌmọOlóko_Kàbà:
Ẹ òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Bàbá wa ní igi kajú mẹ́ta tó ti dàgbà gan-an lẹ́yìn aba, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìyàrà. Kì í ṣe oko ńlá, igi mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n owó èso wọn la fi ń ra ìwé fáwọn àbúrò mi. Lọ́dún tó kọjá ẹnì kan dáná sungbó nítorí òkété, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé iná náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó jó gbogbo ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òdòdó tó ti yọ síbẹ̀ gbẹ pátápátá. Lọ́dún yìí mo fẹ́ ro ilẹ̀ mọ́ yí wọn ká kí koríko tó gbẹ, kí iná má rí nǹkan jẹ tó bá dé.

Mítà mítà làwọn alágbàṣe ibí ń gba owó, torí náà mo fẹ́ kó kéré bó bá ṣe lè kéré tó. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n kan èèkàn kan sáàárín, kí n so okùn mọ́ ọn, kí n fà á le, kí n máa yí ká kí n máa fi ọkọ́ sàmì, òbìrìkìtì á jáde, ọmọdé gan-an lè ṣe é. Mo wọn gbogbo ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Láti ìdí igi dé etí ewé, igi 1 tó tóbi jù jẹ́ mítà 6, igi 2 jẹ́ 4, igi 3 jẹ́ 5. Láti ìdí igi 1 dé ìdí igi 2 jẹ́ mítà 20. Igi 1 sí igi 3 jẹ́ 14.4. Igi 2 sí igi 3 jẹ́ 17. Ibo ni kí n kan èèkàn sí, báwo sì ni okùn ṣe máa gùn tó?

Tíṣà_Ìsánlú:
Òkun o, ọmọ mi. Inú mi dùn pé o ti wọ̀n ọ́n kó o tó béèrè. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé igi 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká ní igi 1 àti 2 nìkan ló wà níbẹ̀. Dúró sí etí ewé igi 1 lẹ́yìn pátápátá, kó o wọn dé etí ewé igi 2 lẹ́yìn tiẹ̀ náà: 6, 20, 4, àròpọ̀ ẹ̀ 30. Pín in sí méjì, 15 ni okùn rẹ. Ṣùgbọ́n èèkàn ò ní bọ́ sí agbedeméjì ìdí igi méjèèjì o, ibẹ̀ làwọn ọmọ iléèwé mi máa ń ṣì í. Igi 1 tóbi ju igi 2 lọ, ó máa fa èèkàn mọ́ra. 15 yọ 6 ku 9, torí náà èèkàn wà ní mítà 9 sí ìdí igi 1 àti mítà 11 sí ìdí igi 2, lórí ìlà tó so àwọn méjèèjì pọ̀.

Wàyí o, látibi èèkàn yẹn, wọn dé ìdí igi 3, kó o fi 5 kún un. Tí kò bá ju 15 lọ, a jẹ́ pé igi kẹta ti wọlé fúnra ẹ̀, iṣẹ́ parí. Mo ya gbogbo ẹ̀ sórí ìwé, ó jẹ́ 12.05, tá a bá fi 5 kún un ó di 17.05. Ó yọ síta ní mítà 2. Iṣẹ́ ṣì kù. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màá padà wá.

Dáyọ̀_Mọ̀pà:
Kí ló tún kù níbẹ̀, ẹ sá jẹ́ kí okùn gùn di 17.05, èèkàn ò ní kúrò níbi tí Tíṣà fi í sí, igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọlé nìyẹn. Yíyí rẹ̀ ká máa jẹ́ mítà 107.

Awọnlẹ̀_Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ 107 ti pọ̀ jù. Ẹ wá ibi tó jìnnà bákan náà sí ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kan èèkàn sí. Mo ṣírò ẹ̀, ó jẹ́ mítà 10.2 sí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ wá fi ti igi tó fẹ̀ jù kún un, ìyẹn 6, okùn di 16.2. Yíyí ká ẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 102.

Àbẹ̀kẹ́_Lọ́kọ́jà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìdáhùn méjèèjì gba igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kéré jù nínú wọn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ni oko rí ìdí ẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo ti ẹ̀gbọ́n Awọnlẹ̀. Tí okùn 16.2 yẹn bá ń yí ká, igi 1 nìkan ni etí ewé ẹ̀ máa kan án. Igi 2 máa jìnnà sí okùn ní mítà 2, igi 3 ní mítà 1. Nígbà tí igi kan ṣoṣo bá ń kan okùn, kí ló dé tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ sún èèkàn sọ́dọ̀ igi yẹn díẹ̀, okùn á kúrú. Ẹ tún sún un, á tún kúrú. Ti Dáyọ̀ náà bẹ́ẹ̀, igi 3 nìkan ló kan okùn ẹ̀, igi 1 àti 2 wà nínú fàálà ní mítà 2 ó lé díẹ̀. Ìgbà tí èèkàn ò bá rí ibi tó lè sún sí mọ́ ló kéré jù, ìyẹn ni pé igi méjì fà á láti iwájú àti ẹ̀yìn gan-an, tàbí igi mẹ́ta fà á láti ọ̀nà mẹ́ta tí èèkàn sì wà láàárín wọn. Kò sóhun tó ju igi mẹ́ta lọ tó ń pinnu ẹ̀, bó o ní igbà igi, àwọn yòókù á kàn wà nínú níbẹ̀ ni.

Torí náà ẹ jẹ́ ká pe okùn ní R. Èèkàn gbọ́dọ̀ wà ní R yọ 6 sí ìdí igi 1, R yọ 4 sí ìdí igi 2, R yọ 5 sí ìdí igi 3. Mo ṣí i jáde: R jẹ́ 15.18. Ìyẹn túmọ̀ sí mítà 9.18 láti ìdí igi 1, 11.18 láti ìdí igi 2, 10.18 láti ìdí igi 3. Yíyí ká ẹ̀ jẹ́ 95.4.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé igi 3 yọ síta ní mítà 2 odindi nínú ti Tíṣà, ṣùgbọ́n nígbà tá a sún èèkàn sọ́dọ̀ ẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1.9, sẹ̀ǹtímítà 18 péré ni okùn fi gùn sí i. Èèkàn ló yẹ ká máa sún, kì í ṣe okùn ló yẹ ká máa fà gùn.

Tíṣà_Ìsánlú:
Mo ti dé. Ọmọbìnrin yìí ti sọ ọ́ dáadáa, Ọlọ́run á túbọ̀ là ọ́ lóye. Ìbéèrè àtijọ́ nìyẹn o. Apollonius ará Perga, ìlú kan ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ti ń wá òbìrìkìtì tó kan òbìrìkìtì mẹ́ta láti nǹkan tó ju 2,000 ọdún lọ. Irú òbìrìkìtì bẹ́ẹ̀ lè tó 8, àwọn kan fi igi kan sínú fi òmíràn síta. Tiwa ni èyí tó gba gbogbo wọn sínú.

ỌmọOlóko_Kàbà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo lọ sóko nírọ̀lẹ́ yìí pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin. A fi téèpù kan kọ́ igi 1, ìkejì kọ́ igi 2, mo di etí méjèèjì mú, mo wá ibi tí 9.18 àti 11.18 ti pàdé, mo kan èèkàn síbẹ̀. Nígbà tá a wá wọn dé igi 3 láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, 9.1 la rí. Ó yẹ kó jẹ́ 10.18. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ibì kan náà ni. Ṣé mo wọ̀n ọ́n tì láàárọ̀ ni?

Awọnlẹ̀_Ẹ̀gbẹ̀:
Nígbà tẹ́ ẹ ní ẹ kọ́ téèpù, ara èèpo igi lẹ kọ́ ọ sí?

ỌmọOlóko_Kàbà:
Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo kan ìṣó kékeré mọ́ ọn lára, níhà tí èèkàn wà. Láàárọ̀ ńṣe ni mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí mo fojú wá àárín ẹ̀.

Awọnlẹ̀_Ẹ̀gbẹ̀:
Ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn. Igi kajú àgbà lè nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 40, láti èèpo dé àárín gbùngbùn ẹ̀ jẹ́ 20. Àárín igi ni ìṣirò Àbẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ láti èèpo, torí náà ẹ ti jìnnà jù ní 20 níhà méjèèjì.

Ẹ máa bi mí pé 20 sẹ̀ǹtímítà ṣe wá di mítà kan. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ láìmọye ìgbà. Ibi èèkàn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà tó lọ tààrà láti igi 1 dé igi 2, torí náà téèpù méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlà kan náà, wọn ò dábùú ara wọn. Tẹ́ ẹ bá fi díẹ̀ kún wọn, ibi tí wọ́n ti pàdé á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì. Ẹ má lo igi 1 àti 2 papọ̀. Ẹ lo igi 1 àti igi 3, téèpù méjèèjì á dábùú ara wọn bí igun àpótí, àṣìṣe kékeré á sì dúró ní kékeré. Ẹ yọ 20 kúrò nínú iye kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọ sí èèpo. Igi 2 lẹ máa wá fi yẹ̀ ẹ́ wò.

ỌmọOlóko_Kàbà:
Sà, ó bọ́ sí i! Mo lo 8.98 láti èèpo igi 1 àti 9.98 láti èèpo igi 3. Igi 2 fún mi ní 10.95, ó ku sẹ̀ǹtímítà 3 kó pé. Àbúrò mi di okùn mú ó sì yí ká, ó ń pariwo "ó kàn án!" nídìí igi kọ̀ọ̀kan tí etí ewé bá ti ṣe déédéé pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pariwo.

Ìyá_Kajú_Ìjùmú:
Ẹ òkun o ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń kà á látàná, mi ò fẹ́ da ọ̀rọ̀ rú, ṣùgbọ́n kí ló gbọ́dọ̀ kéré gan-an? Ṣé okùn èèkàn ló gbọ́dọ̀ kúrú ni àbí ilẹ̀ tí alágbàṣe máa ro? Torí mítà tí wọ́n bá ro lẹ máa sanwó fún, wọn ò ní bi yín léèrè bóyá ó rí róbótó.

Ẹ rántí bá a ṣe ń di ìdì igi ìdáná. Okùn ń lọ gbọọrọ láti orí igi kan dé orí ìkejì, ibi tó bá ti kan igi nìkan ló ti ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹ̀. Kò sí okùn tó lè kúrú jùyẹn lọ tó máa ká gbogbo ẹ̀ mọ́. Kí ló dé tẹ́ ò di igi kajú yín bẹ́ẹ̀? Òbìrìkìtì yín ń ro koríko tí kò sí igi kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, pàápàá níhà ìsàlẹ̀ láàárín igi 1 àti 2 níbi tó ti yọ bíi ikùn.

Àbẹ̀kẹ́_Lọ́kọ́jà:
Màmá, ẹ ṣé o. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, mo dáhùn ohun tí wọ́n bi mí láìbéèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ẹ ṣe. Mo ti ṣírò tiyín báyìí. Ibi gbọọrọ mẹ́ta wà: igi 1 sí 2 jẹ́ 19.9, igi 2 sí 3 jẹ́ 16.97, igi 3 sí 1 jẹ́ 14.37. Ibi tó tẹ̀ lẹ́yìn igi náà jẹ́ mẹ́ta: 14.0 lẹ́yìn igi 1, 8.8 lẹ́yìn igi 2, 8.8 lẹ́yìn igi 3. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 82.8. Òbìrìkìtì tó kéré jù jẹ́ 95.4. Mítà 12.6 lẹ fi jèrè.

Dáyọ̀_Mọ̀pà:
Màmá ti parí ẹ̀! Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe máa sàmì sí i? Etí ewé kì í ṣe ohun téèyàn lè na okùn mọ́.

Tíṣà_Ìsánlú:
Ìyẹn rọrùn ju èèkàn àkọ́kọ́ lọ. Igi kọ̀ọ̀kan ni èèkàn ara ẹ̀. So okùn mítà 6 mọ́ igi 1, fi sàmì ẹ̀yìn ẹ̀, mítà 4 fún igi 2, mítà 5 fún igi 3, ó di òbìrìkìtì mẹ́ta lórí ilẹ̀. Kí ẹni méjì wá na okùn gígùn kan, kí wọ́n máa sún un wọlé títí tó fi kan ẹ̀gbẹ́ òbìrìkìtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n kan igi kéékèèké síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Rántí èèpo igi o.

Awọnlẹ̀_Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ má ro ó súnmọ́ etí ewé tó bẹ́ẹ̀, ooru iná nìkan tó láti pa òdòdó. Fún un ní mítà 3 ó kéré tán. Èyí tó dáa níbẹ̀ ni pé ẹ ò nílò ìṣirò tuntun: ẹ fi 3 kún okùn igi kọ̀ọ̀kan, á di 9, 7, 8. Tó bá jẹ́ òbìrìkìtì ńlá ni, èèkàn ò ní kúrò lójú kan náà, okùn ẹ̀ á kàn di 18.18. Méjèèjì, ti Màmá àti ti èèkàn, iye kan náà ló máa wọlé sórí wọn, ìlọ́po méjì páì (3.1416) lọ́nà 3, ìyẹn 18.85. Ti Màmá di 101.6, ti èèkàn di 114.2. Èrè 12.6 yẹn ò yí padà.

Olóko_Bùnú:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láyè. Èmi ní igi 40, wọ́n fọ́n káàkiri, àwọn kan kéré àwọn kan tóbi. Ti Màmá ni mo máa fi ro ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ gbé dúrọ́ọ̀mù omi ńlá kan sóko, kí ẹni tó ń ṣọ́ iná lè bù ú kíá, mo sì fẹ́ kí ibi tó jìnnà jù sí dúrọ́ọ̀mù má jìnnà jù. Ṣé kì í ṣe èèkàn yẹn ni mò ń wá? Ọmọ mi kọ kóòdù kan fún un, ó lo ọ̀nà kan tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Welzl gbé kalẹ̀, tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà míì ìdáhùn ẹ̀ ń fi igi kan síta.

Àbẹ̀kẹ́_Lọ́kọ́jà:
Èèkàn yẹn gan-an ni, sà. Ibẹ̀ ni òbìrìkìtì ti wúlò tí ti Màmá ò sì lè ràn yín lọ́wọ́: ó ń sọ ibi téèyàn lè dúró sí tí ibi tó jìnnà jù sí i fi máa súnmọ́ jù.

Ẹ bá mi kí ọmọ yín, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Sylvester, onímọ̀ ìṣirò kan, béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1857, ṣùgbọ́n fún àmì kéékèèké tí kò ní fífẹ̀ ni, bíi pé ìdí igi nìkan là ń wò. Onímọ̀ míì, Megiddo, fi hàn lọ́dún 1983 pé bí àmì ṣe ń pọ̀ sí i ni àkókò tó ń gbà ṣe ń pọ̀ sí i, tí àmì bá di ìlọ́po méjì, àkókò náà á di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Lọ́dún 1991 ni Welzl wá mú ọ̀nà tó kúrú tó sì dùn kọ jáde, ó ń mú àmì láìtò, èyí tó bá ṣẹ́ kù síta gbọ́dọ̀ wà létí. Ó pé fún àmì. Ṣùgbọ́n tí ìkọ̀ọ̀kan bá ní fífẹ̀ tiẹ̀, ó lè kùnà, Fischer àti Gärtner ní ETH Zürich, yunifásítì kan ní Switzerland, ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 2003, wọ́n ní ọ̀nà míì tí Matoušek, Sharir àti Welzl jọ ṣe ló dúró. Tí ọmọ yín bá ń fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní JavaScript kọ ọ́, ó wà tẹ́lẹ̀ nínú D3, àkójọ kóòdù kan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, packEnclose ni wọ́n pè é, kó fi ibi tí àárín igi wà àti bó ṣe jìnnà látibẹ̀ dé etí ewé sí i.

Tẹ́ ò bá fẹ́ kóòdù, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ dúró sí ibikíbi láàárín oko. Ẹ wo etí ewé tó jìnnà jù sí yín, kẹ́ ẹ rìn ìdajì ọ̀nà lọ síbẹ̀. Ẹ tún wo èyí tó jìnnà jù, ẹ rìn ìdá mẹ́ta ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ìdá mẹ́rin, ìdá márùn-ún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ́ máa lọ ẹ̀ẹ́ máa bọ̀ láàárín igi méjì tàbí mẹ́ta kan náà, ìgbésẹ̀ yín á máa kéré sí i. Ẹ ṣe é tó ìgbà 30, ẹ ti súnmọ́ ọn dáadáa.

Olóko_Bùnú:
Ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn ín, kí ọmọ náà fi kóòdù ẹ̀ ṣe tiẹ̀, ká wá wò ó bóyá a máa bá ara wa pàdé.

Ìyá_Kajú_Ìjùmú:
Ẹ má gbàgbé kí ẹ̀ka igi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù o, ewé ẹ̀ la fi ń lu iná pa, omi nìkan kì í tó.

ỌmọOlóko_Kàbà:
Ẹ kú ìrànlọ́wọ́ o, gbogbo yín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lánàá, wọ́n parí lọ́sàn-án òní. Bá a ṣe máa ń di igi ìdáná la ṣe sàmì sí i, 9, 7 àti 8. Mo wọn ìta ẹ̀ pẹ̀lú olórí àwọn alágbàṣe, ó jẹ́ mítà 102, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Mi ò yọ èèkàn tàná kúrò. Ojú ẹ̀ la gbé dúrọ́ọ̀mù sí, àbúrò mi ti pọn omi kún un dé ìdajì, ó tún gé ẹ̀ka tútù mẹ́rin tì í bí Màmá ṣe wí.